Ẹranko Tó Wà Lára Ìbọn Bàbá Ọdẹ́tọ́lá

Ẹ má tíì gba fóònù yẹn lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n wò ó dáadáa. Ojú ti dàgbà. Ohun tí ẹ̀yin ń fi ìṣẹ́jú kan wò, odidi ọ̀sán ni èmi fi ń wò ó. Ìbọn gígùn ló wà nínú fọ́tò yìí, àbí? Bọ̀sẹ̀ tó ni fóònù yìí ní ìbọn àwọn ará Amẹ́ríkà ayé ijọ́un ni. Ẹ wo ìdí rẹ̀ níbí, ibi tó máa ń kan èjìká. Ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀? Orí ẹyẹ, ara ejò, ó tún wá ní ìyẹ́ apá bíi ti àdán. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní kò sí irú ẹran bẹ́ẹ̀ láyé. Èmi ò lè bá yín rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ méjèèjì tó ń gbọ̀n yìí, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní Ìsọlọ̀ níbí nígbà tó ṣì ń gbọ́ tèmi.

Ó rẹ̀ mí lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ jókòó.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ìsọlọ̀ tí ẹ mọ̀ yìí, tí òrùlé ń ti òrùlé láti Apákun títí dé Ire-Akárí, igbó ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ ó gbọ́ ṣaworo ọrùn ajá àwọn ọdẹ bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀nà odò lọ. Tó bá ṣe díẹ̀, àparò á ké. Tó bá tún ṣe díẹ̀ sí i, ìbọn á dún gbòlà, gbogbo ajá ìlú á sì dáhùn. Àwọn ìyàwó ọdẹ á ti mọ̀ láti inú ilé. Wọ́n á ní, "Ti Bàbá Táyé nìyẹn, ẹ gbé omi kaná." Wọ́n mọ ohùn ìbọn ọkọ wọn bí ẹ ṣe mọ ohùn ẹni tó ń pè yín lórí fóònù. Lónìí, kí là ń gbọ́? Jẹnẹrétọ̀ ilé yìí, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Bí ẹnì kan bá yìnbọn nísinsìnyí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo wa máa sá sí.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an ti yí padà. Tí mo bá ní "ọdẹ" lónìí, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ló ń wá sí yín lọ́kàn. Mi ò dá yín lẹ́bi. Ojú mi ni ọ̀rọ̀ náà ṣe yí.

Ìlú kékeré kan lọ́nà Ọ̀yọ́ ni mo ti wá. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń ṣe nílé wa: ilẹ̀kùn, òpó, àti ìdí ìbọn ṣakabùlà. Alágbẹ̀dẹ a rọ irin, àwa a gbẹ́ igi. Igi apá la máa ń lò, torí kì í tètè là, ewé eèpín la sì fi ń fá a títí á fi máa dán. Òfin kan wà nídìí iṣẹ́ náà tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Ẹran tí ọdẹ bá pa, a kì í gbẹ́ ẹ. Èyí tí ọdẹ bá sá fún ni à ń gbẹ́. Ó ní láti wá jókòó sórí àpótí níwájú agbẹ́gi, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó rí àti bó ṣe sá. Kí nìdí? Bàbá mi ní tí ọdẹ bá gbé ìbọn lé èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló máa ń kan ìdí ìbọn. Kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa kan ohun tó bà á lẹ́rù lójoojúmọ́, títí ẹ̀rù náà á fi di ojúlùmọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀rù gbogbo ọdẹ Ìsọlọ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan rí ejò tó ní ogbe lórí bí àkùkọ, tó sì kọ bí àkùkọ. Ọ̀kan rí ẹtu tó dìde lórí ẹsẹ̀ méjì tó ń tún gèlè ṣe. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Kúkúrú. Ó yọ̀ ṣubú sínú odò níbi tó ti ń lé ọ̀yà, nǹkan kan sì gbá a létí nínú omi. Ó ju ìbọn nù, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ dé ìlú. Gbogbo èèyàn ní àrọ̀ ni, ẹja lásán. Kúkúrú ní rárá, ó ní ọwọ́, òun mọ ìgbátí yàtọ̀ sí ìrù ẹja. Mo gbẹ́ àrọ̀ tó ní ọwọ́ méjì fún un. Nígbà ọdún Ògún, tí wọ́n bá to gbogbo ìbọn sílẹ̀, tí wọ́n fi epo pa wọ́n lára, tí èsun iṣu àti ẹmu ń lọ káàkiri, ọ̀dọ̀ ìbọn Kúkúrú ni èrò máa ń pọ̀ sí jù. Ó sọ ọ́ di iyì. Ó máa ń dúró tì í bí ọkọ ìyàwó.

Ìbọn kan ṣoṣo ni kò ní nǹkan kan lára. Ti Bàbá Ọdẹ́tọ́lá ni. Àgbà ọdẹ ni wọ́n, wọ́n ga, wọ́n gbẹ, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdí ìbọn wọn mọ́ lóló bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí ohun tí àwọn máa sá fún. Ẹlòmíràn ìbá sọ bẹ́ẹ̀, a ò bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ fi Bàbá Ọdẹ́tọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́? Wọ́n máa ń yà ní abà mi tí wọ́n bá ń bọ̀ láti igbó. Wọ́n á wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́, ọjọ́ tí mo bá sá, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo máa sá wá." Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín.

Ọnà yẹn nìkan ò tó jẹun. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ẹ̀ ń pè ní Industrial Estate yẹn, mo wọṣẹ́ káfíńtà ní sáìtì kan níbẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú wa dùn. Èèyàn ń ya wọ̀lú láti Ọ̀yọ́, láti Òṣogbo, láti Ìkirè, ẹni mẹ́fà ń sùn nínú yàrá kan, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Ìyàwó mi, Ìyá Ràfíù, kí Ọlọ́run forí jì í, ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì. Ìgbà yẹn la ra rédíò àkọ́kọ́ wa. Ariwo lójúmọ́ kò sì jọ wá lójú, torí ariwo oúnjẹ ni. Katapílà mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀, ilẹ̀ á máa mì, abọ́ á máa jó lórí tábìlì ní ilé wa.

Òyìnbó Amẹ́ríkà kan ló ń ṣe ọ̀gá àwọn ẹ̀rọ náà. Orúkọ rẹ̀ kò ṣeé pè. Onírùngbọ̀n là ń pè é. Lọ́jọ́ kan, lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, mo jókòó sábẹ́ pákó, mò ń gbẹ́ ìdí ìbọn kan. Ó dúró tì mí títí fèrè fi dún. Nígbà tó yá, ó yọ fọ́tò kan nínú àpò rẹ̀. Bàbá àgbà kan ló wà níbẹ̀ tó fi ọwọ́ ti ìbọn tó ga tó o. Ẹranko wà ní ìdí ìbọn náà. Ẹ̀yin ọmọ, ó dà bí èyí tí mò ń wò lọ́wọ́ mi yìí. Fóòmánù wa tó gbọ́ òyìnbó bá a túmọ̀ rẹ̀. Ó ní bàbá tó bí bàbá òun ni, àwọn ará orí òkè ńlá ni àwọn, àwọn baba ńlá àwọn ló máa ń gbẹ́ irú ẹ̀ sára ìbọn. Mo ní kí fóòmánù bi í, ṣé ohun tí wọ́n sá fún ni wọ́n ń gbẹ́? Òyìnbó náà ronú. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun rí, òun ò sì béèrè kí àgbàlagbà náà tó kú. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń kí mi tó bá ń kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ṣẹ̀ báyìí. Bí mo bá fi sílẹ̀, ẹ ó rò pé òyìnbó tàbí ẹ̀rọ ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Igbó tí Bàbá Ọdẹ́tọ́lá ti ń ṣọdẹ ló kù tí katapílà máa wọ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ti parí láàárín àwọn tó ni ín àtàwọn tó rà á. Bàbá ò jà sí i. Ṣùgbọ́n igi ọ̀sàn kan wà láàárín igbó náà, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sin ìyá wọn sí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n wá bá mi ní sáìtì.

Wọ́n ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́, bá mi sọ fún ọ̀gá yín. Kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ márùn-ún péré. Mo fẹ́ kó egungun ìyá mi kúrò níbẹ̀, kí n lọ tún un sin sí ilé."

Mo ní, "Bàbá, ó ti parí. Mo máa sọ ọ́ lónìí."

"Má jẹ́ kó bọ́ sórí o."

"Háà, bàbá. Ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ mí ni?"

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ fóòmánù, ó ń bínú, ó ń jágbe mọ́ gbogbo wa nítorí pákó kan tí wọ́n gé kúrú jù, èmi sì ni mo gé pákó náà. Mo bá ara mi sọ pé kí inú rẹ̀ rọ̀ ná. Lọ́jọ́ Sátidé, ó tètè lọ sí ìsọmọlórúkọ. Lọ́jọ́ Àìkú, kò síṣẹ́. Mo ní tó bá di Mọ́ńdè, òun ni nǹkan tí mo máa kọ́kọ́ ṣe. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Nígbà tí mo máa dé sáìtì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ti ń gbọ́ ẹ̀rọ láti ojú títì.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, igi ọ̀sàn náà ti dùbúlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè. Bàbá Ọdẹ́tọ́lá dúró níwájú katapílà, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ náà ni Múfú, ọmọ Òṣogbo kan tó ti níyàwó, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bàbá ń pariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò jẹ́ kí Múfú gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé bàbá ń sọ fún òun pé kí òun yà sápá kejì ni, ó sì yà sí i, ó tún tẹ iwájú.

Fóòmánù tì mí lẹ́yìn. "Ìwọ lo mọ̀ wọ́n! Lọ bá wọn sọ̀rọ̀!"

Mo lọ. Bàbá kò wo ẹ̀rọ mọ́, èmi ni wọ́n ń wò.

"Ọmọ Ọ̀yọ́, ṣé o jíṣẹ́ mi?"

Mo la ẹnu. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìbọn kalẹ̀ ná."

Lẹ́yìn náà, wọ́n kọjú sí ẹ̀rọ, wọ́n yìnbọn.

Ọta bá irin ńlá tó wà níwájú ẹ̀rọ náà, ó ta wàràwàrà bí òjò lórí páànù. Èéfín bo gbogbo wa. Múfú fò sílẹ̀ láti orí àga rẹ̀, ó sá, kò pa ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ náà ń bọ̀. Kò sẹ́ni lórí rẹ̀, ó ṣì ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá fẹ́ tún ìbọn kì, ẹ̀tù dà sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn. Wọ́n tún fi ẹ̀yìn rìn. Lẹ́yìn náà wọ́n yí padà, wọ́n sá. Fìlà wọn bọ́ sílẹ̀, wọn ò dúró mú un, ẹ̀rọ náà sì gorí rẹ̀. Onírùngbọ̀n ló sáré gun orí rẹ̀, tó pa á.

Ọ̀pọ̀ wa la wà níbẹ̀ tá a rí àgbàlagbà tó sá. Èmi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá méjì dé lọ́sàn-án, ojú ọta wà lára irin náà kedere. Onírùngbọ̀n ní òkúta ló ta bá a. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà wo irin, ó wo òyìnbó, ó ní, "Òkúta?" Fóòmánù túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó náà ní òkúta ni. Wọ́n kọ òkúta sílẹ̀. Onírùngbọ̀n dá iṣẹ́ dúró ní apá ibẹ̀ títí bàbá àti ọmọ wọn fi kó ohun tó kù lára egungun náà sínú aṣọ funfun, wọ́n sì gbé e lọ sílé. Mo bá wọn gbẹ́lẹ̀. Bàbá ò lé mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n wọ abà mi. Wọ́n gbé ìbọn náà lélẹ̀ níwájú mi. Wọ́n jókòó sórí àpótí tí wọn ò jókòó lé rí.

Wọ́n ní, "Mo wá."

"Ẹ káàbọ̀, bàbá."

"Mo yìnbọn fún ẹfọ̀n rí, ó ṣubú. Mo yìnbọn fún ẹkùn rí, ó sá. Ohun tí kò bá ṣubú á sá, ohun tí kò bá sá á bínú. Èyí kò ṣubú, kò sá, kò bínú. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Òun ni mo sá fún. Gbẹ́ ẹ."

Mo mú irinṣẹ́, mo gbé e sílẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú wọn lórí èérún igi.

Mo ní, "Bàbá, mi ò jíṣẹ́ yín. Ìbẹ̀rù fóòmánù ni. Mo ní ó di ọ̀la, ó di ọ̀la. Àwọn ọ̀gá ò mọ̀ rárá. Múfú ò mọ̀. Èmi ni."

Mo rò pé wọ́n máa ṣépè. Ó wù mí kí wọ́n ṣépè, kó lè tán.

Wọ́n ní, "Mo ti mọ̀. Ojú rẹ ti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Tí o bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ, ṣé ẹ̀rọ náà kò ní wá ní ọjọ́ kẹfà ni? Dìde. Gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n má gbẹ́ ara rẹ mọ́ ọn."

Mi ò tíì mọ̀ títí di òní bóyá ìdáríjì nìyẹn.

Ìyá Ràfíù rí iṣẹ́ náà ní ọjọ́ kẹta. Ó gbé abọ́ lélẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Bàbá Ràfíù, kí lẹ̀ ń gbẹ́ yẹn?"

"Iṣẹ́ bàbá ni."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ bàbá ni. Mo ní kí ni? Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń bọ́ wa nìyẹn? Ẹ̀ ń gbé e sídìí ìbọn bí ẹkùn? Tí fóòmánù bá rí i ńkọ́? Tí òyìnbó bá rí i? Ta ló máa ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi tí wọ́n bá lé mi kúrò lẹ́nu géètì?"

Òtítọ́ ló ń sọ. Àwọn ọmọ mẹ́ta ló ń jẹun lára ẹ̀rọ náà. Ó jáde, ó tún padà wọlé. Ó wo iṣẹ́ náà láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì, bó ṣe máa ń wo búrẹ́dì kó tó gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é.

Ó ní, "Ẹnu rẹ̀ kéré. Ẹnu rẹ̀ gan-an tóbi ju báyẹn lọ."

Mo fẹ ẹnu rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀kùn, kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ yẹn, ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo to eyín sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Mo sì fi ojú sí i, torí ọwọ́ mi ò gbẹ́ ohun tí kò lójú rí. Nígbà tí bàbá wá gbà á, wọ́n fi àtàǹpàkò pa á láti orí dé ìrù, wọ́n dúró níbi ojú náà.

Wọ́n ní, "Yọ ọ́. Kò wò mí."

Mo yọ ọ́. Ihò kékeré ló kù níbẹ̀.

Ohun tí ìyàwó mi ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù kan. Bàbá gbé ìbọn náà gba iwájú sáìtì kọjá, Onírùngbọ̀n sì rí i. Ó pè wọ́n. Mo sá tẹ̀lé fóòmánù. Òyìnbó náà tọrọ ìbọn náà, bàbá sì gbé e fún un. Ó wo ẹranko náà pẹ́. Ó gbé ìbọn náà lé èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ibi tí mo gbẹ́. Kíá ló gbé e kúrò. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, fóòmánù sì túmọ̀ rẹ̀:

"Ó ní òkè tí bàbá bàbá òun ti ń ṣọdẹ, wọ́n rí èédú nínú rẹ̀. Irú ẹ̀rọ yìí náà ni wọ́n fi wú òkè náà lórí. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti kọ́ iṣẹ́."

Bàbá gba ìbọn wọn. Wọ́n ní, "Bi í, ta ló kọ́ ọ?"

Fóòmánù bi í. Òyìnbó náà ní, "Bàbá mi."

Bàbá Ọdẹ́tọ́lá mi orí. Òyìnbó náà ò sì lé mi kúrò níbi iṣẹ́. Ọdún yẹn náà ló padà sí ìlú rẹ̀.

Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà tán. Ẹran ìgbẹ́ ti lọ, níbo ni ọdẹ máa lọ? Kúkúrú ló kọ́kọ́ gbaṣẹ́ ẹnu géètì, àwọn yòókù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, Bàbá Ọdẹ́tọ́lá náà gbà á. Wọ́n fún wọn ní ṣòkòtò kákí àti fèrè àfọnfọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì láti àárọ̀, ìbọn tó ní katapílà lára dúró tì wọ́n, wọ́n ń ṣọ́ ibi tí katapílà tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa kọjá, wọ́n á ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ káàárọ̀ o." Wọ́n á dáhùn. Mi ò gbọ́ kí wọ́n ráhùn rí. Múfú ló máa ń ra búrẹ́dì fún wọn láàárọ̀. Wọ́n jọ máa ń jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, ẹni tó yìnbọn àti ẹni tí wọ́n yìnbọn fún.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ṣe lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Wọ́n kú wọ́ọ́rọ́, lórí ẹní wọn, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀kọ tán.

Tí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ṣe ìsípà fún un. Wọ́n á kó fìlà àti gbẹ́rí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, lọ sínú igbó, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á sì gbé ìbọn rẹ̀ sókè, wọ́n á kì ẹranko tó wà lára rẹ̀, wọ́n á ní kó fi ẹni tó lọ sílẹ̀ kó máa lọ ní àlàáfíà. Ọdẹ márùn-ún péré ló kù. Àwọn mẹ́ta wọ kákí wá, torí àtẹnu géètì ni wọ́n ti wá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ padà kí ṣíìfù ọ̀sán tó wọlé. Igbó wo la fẹ́ gbé ẹrù náà lọ? A wá a títí. Ìdí ògiri kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ la lọ, níbi tí koríko ti ga díẹ̀. A wà níbẹ̀ bí ẹni tó wá jalè.

Ìrèmọ̀jé lọ dáadáa. Kúkúrú ló ń sun ún, ohùn rẹ̀ ṣì wà. Nígbà tó kan ìbọn, ó gbé e sókè, ó wo ẹranko náà, ó dákẹ́. Ó kì ẹfọ̀n rí, ó kì erin, ó mọ oríkì ẹkùn dé ìdílé ìyá rẹ̀. Ta ló mọ oríkì katapílà? Ó wo àwọn yòókù. Wọ́n wo ilẹ̀. Ó wò mí, èmi tí mo gbẹ́ ẹ. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Múfú wà lẹ́yìn wa. Kì í ṣe ọdẹ, kò sẹ́ni tó pè é. Ó bọ́ síwájú, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi mọ̀ ọ́n."

Kúkúrú gbé ìbọn náà fún un. Ohùn rẹ̀ kò dùn, kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìwà ọ̀gá rẹ̀.

"Katapílà, ajẹlẹ̀-má-yó. Ó ń rìn, kò lẹ́sẹ̀. Ó ń jẹun, kò níkùn. Ó wó ilé ẹyẹ, kò gbé ẹyẹ lọ. Ó gbẹ́lẹ̀ òkú, kò bá wọn sunkún. Ẹni tó jókòó lé e lórí rò pé òun ló ń darí rẹ̀. Bàbá ti kúrò lójú ọ̀nà rẹ. Fi wọ́n sílẹ̀."

Àwọn ọdẹ dáhùn pé, "Fi wọ́n sílẹ̀."

Fèrè ṣíìfù dún lókè ògiri. Àwọn mẹ́ta tó wọ kákí tún àmùrè wọn dì, wọ́n kí ọmọ bàbá, wọ́n sáré lọ. Ọmọ bàbá fi aṣọ wé ìbọn náà, ó gbé e lọ, mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ku èmi àti Múfú. Ó ń wọ bàtà rẹ̀ padà, ó ń pẹ́ nídìí okùn rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè gbẹ́ ẹ fún èmi náà? Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rí, ṣùgbọ́n èmi náà sá lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣì ń gùn ún lójoojúmọ́."

Mo ní, "Ṣé o ní ìbọn ni?"

"Mi ò ní."

Mo ní kò burú, kó ṣáà wá igi kan mú wá, igi èyíkéyìí tó bá rí, màá gbẹ́ ẹ sí i fún un. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ibi tó ti máa rí igi ní Ìsọlọ̀ lákòókò yẹn ni èmi ò mọ̀.